Igi Ni, Kò Tíì Di Bẹ́ẹ̀dì

Tí mo bá tan ráútà mi ní Odode, ìlú wa, òkè ló máa ń kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ẹ̀rọ náà á ké lábẹ́ tábìlì, àpáta tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù á gba igbe náà, á sì dà á padà fún wa, débi pé àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àdúgbò á rò pé káfíńtà méjì ló ń bá ara wọn díje. Èmi nìkan ni. Alhaja tó ń ta ìṣó, gọ́ọ̀mù àti sáńpépà ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn mí sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń bẹ òkè náà pé kó má dá mi lóhùn mọ́, bóyá ó lè rẹ̀ mí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí ń jẹ́ ráútà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ẹ̀rọ kékeré kan ni tí abẹ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, abẹ náà sì ń yí bí òòyì. Àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé e lọ́wọ́ lọ bá pákó. Èmi ti dì í mọ́ abẹ́ tábìlì, mo dojú rẹ̀ sókè, mo sì lu ihò sójú tábìlì kí abẹ náà lè yọrí síta díẹ̀. Igi ni mo ń gbé lọ bá a níbi tó wà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn láti fi í ṣe jù ni orí ọ̀pá, àwọn ọ̀pá róbótó tí a máa ń tò sẹ́yìn àga tàbí sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ọ̀pá tí a bá fi ayùn gé, etí orí rẹ̀ máa ń mú, ó sì máa ń kọ́ ẹnu ihò. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ráútà ha etí náà yíká, tí orí rẹ̀ wá tín-ín-rín díẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá ihò.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe káfíńtà kí n tó mọ èyí. Bí a ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa ni pé ká da gọ́ọ̀mù sínú ihò, ká fi òòlù lu ọ̀pá wọlé, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ibi tó bá ya, a ó po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù, a ó fi dí i, ọ̀dà á sì bo àṣírí. Ohun tó mú kí n jókòó ti orí ọ̀pá ni bẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ṣe.

Àbúrò mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ló fẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ó lóyún nígbà náà, oyún ọ̀hún sì ti ga dáadáa. Ọkọ rẹ̀ tó ń wakọ̀ kòkó lọ Èkó kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, nítorí náà ó wá ń gbé lọ́dọ̀ Màámi títí tí yóò fi bí. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó gbọn èérún igi kúrò lórí bẹ́ńṣì, ó jókòó, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi ṣe bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ yìí.”

Mo pa ẹ̀rọ. Mo bi í bóyá Màámi ti gbọ́ sí i.

“Màámi kọ́ ló máa sùn nínú ẹ̀.”

Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò sì rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí mo fi béèrè ọ̀rọ̀ Màámi ni pé èyí kọ́ ni oyún àkọ́kọ́. Nígbà àkọ́kọ́, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ ra bẹ́ẹ̀dì olówó iyebíye kan ní Àkúrẹ́, funfun báláú, wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé e lórí, wọ́n sì tò ó sí yàrá wọn. Gbogbo wa la lọ wò ó. Màámi pàápàá fi ọwọ́ pa á lára, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wá sáyé, kò ké. Màámi ló wà pẹ̀lú àbúrò mi ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, òun náà ló sì ṣáájú rẹ̀ padà sílé láti kó gbogbo ẹrù ọmọ jáde, kó má baà bá wọn níbẹ̀. Títí di òní, kò sọ ibi tó kó wọn lọ, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì bi í. Ṣùgbọ́n kò lè kó ojú ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí àbúrò mi wọ yàrá, ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà ti tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì lọ jókòó sáàárín rẹ̀.

Nílé tiwa, a kì í ṣáájú ọmọ tẹ́ ibùsùn. Aláboyún lè ra ọṣẹ, ó lè ra aṣọ òtútù díẹ̀ àti àwọn nǹkan tí nọ́ọ̀sì bá ní kó mú wá, kó dì wọ́n sínú báàgì, kó fi pamọ́. Àmọ́ kí a gbé ibùsùn kalẹ̀ gedegbe fún ẹni tí ojú ò tíì rí, àwọn àgbà wa kì í fẹ́ ẹ. Nígbà àkọ́kọ́ yẹn, bóyá Màámi ò rántí ni o, bóyá ayọ̀ ni ò jẹ́ kó sọ ọ́, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà náà kò gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Mo lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó wà níwájú ilé, ó ń yí kòkó tó sá sójú oòrùn. Ẹsẹ̀ ló fi ń yí i, ó ń wọ́ ọ gba àárín kòkó kọjá, ó sì ń fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Mo kí i, mo yí ọ̀rọ̀ náà ká títí, mo bá a dé oko rẹ̀ ní Atosin, mo bá a dé ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, kí n tó dé orí bẹ́ẹ̀dì.

“Rárá,” ni Màámi wí. Bí àwọn àgbà ìlú wa, “ugi” ló máa ń pe igi, “ulé” ló ń pe ilé. “Ugi kan ò gbọdọ̀ dúró nínú ulé yìí de ọmọ tí ò tíì dé. Ìyá tó bí ìyá mi, orí òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ìlú wà tẹ́lẹ̀, ló bímọ sí. Ọmọ á ké ná, kí wọ́n tó tẹ́ ẹní.”

Mo ní ìgbà ti yí padà. Ó ní ọmọ ò yí padà. Mo ní ọmọ òun gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe èmi. Ó ń yí kòkó lọ bí ẹni pé èèyàn ò sọ̀rọ̀. Èmi náà kì í ṣe onísùúrù, wọ́n ní òun ni mo fi jọ. Inú bí mi, mo sì sọ ohun tí ó wà ní ikùn mi.

“Màámi, bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló pa ọmọ yẹn.”

Ó dúró sáàárín kòkó.

“Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì kọ́,” ó wí. “Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e jáde.”

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí mọ́. Mo mú pákó kan tí kò ṣẹ̀ mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn rẹ́ ẹ.

Alhaja ló tú kókó ọ̀rọ̀ náà. Pákó lásán ló pààlà ṣọ́ọ̀bù òun àti tèmi, kò sì sí ohun tí a ń sọ níhìn-ín tí kì í dé ọ̀hún. Ó gbọ́ ti àbúrò mi, ó gbọ́ bí mo ṣe ń kùn sí ayùn. Ó yọrí wọlé, ó fa ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn.

“Jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ káfíńtà?”

Mo ní òun náà mọ̀ ọ́n.

“Ó ń gé igi. Ta ló ń bá káfíńtà jà pé ó gé igi? Gé igi tìẹ. Bí ọmọ bá dé, kó o tò ó. Bí kò bá sí ẹni tó tò ó, ṣé ó lè sọ ara ẹ̀ di bẹ́ẹ̀dì ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà dá lẹ́nu mi, nítorí mo rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wá Màámi lọ nírọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn pẹ́. Bí Màámi bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun, Alhaja á ní kó bá òun gbàdúrà owó, Màámi á ní kí Alhaja kọ́kọ́ dín owó ìṣó kù ná. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí Alhaja mú padà wá ni àdéhùn Màámi: ìṣó ò gbọdọ̀ kàn án, gọ́ọ̀mù ò gbọdọ̀ kàn án, ọ̀dà ò gbọdọ̀ kàn án. Kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ dúró nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kódà kí n fi wò ó lásán. Kí n má fi ìrókò ṣe é, nítorí ọmọ òun ò ní sùn sórí igi tí èèyàn ń kí lóru. Bí mo bá sì ṣe é tán, kí n kó gbogbo rẹ̀ fún òun, òun ni yóò tọ́jú rẹ̀ sí yàrá òun, níbi tí aláboyún ò ti ní rí i. Ohun tó bá ti jẹ́ ugi, ugi ni, ó wí bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi gbà. Èmi náà gbà, ìgbà tí mo gbà tán ni mo tó mọ ohun tí mo tọrùn bọ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Orí àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà jẹ́ pákó pẹlẹbẹ. Igi gbọọrọ méjì ló máa so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, igi méjì mìíràn á sì so wọ́n pọ̀ lókè. Àárín igi ìsàlẹ̀ àti igi òkè ni àwọn ọ̀pá á ti dúró, orí wọn nínú ihò, ìdí wọn nínú ihò. Bí gọ́ọ̀mù àti òòlù bá wà, iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ṣùgbọ́n èyí, ọwọ́ lásán la máa fi tò ó ní ọjọ́ tí ọmọ bá dé, ó sì gbọ́dọ̀ dúró gírígírí títí tí n ó fi wá fi bóòtù irin dè é. Bí orí ọ̀pá bá fún jù, kò ní wọlé. Bó bá ṣò jù, yóò máa mì. Èyí tó tún wá burú jù ni igi òkè, nítorí gbogbo ọ̀pá ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó mú ọ̀kan wọ ihò, èkejì á yọ. Bí ẹ ti ń tún tibí ṣe, tọ̀hún á jáde, bí ìgbà tí tíṣà bá ń to àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sórí ìlà.

Orí fóònù ni mo ti rí i tí ọkùnrin kan ń fi ráútà ha orí ọ̀pá. Mo wò ó títí dátà mi fi tán. Mo ra igi afàrà tó ti gbẹ, mo sọ ọ́ di ọ̀pá róbótó. Mo wá mú igi líle kan, mo lu ihò tó gba ọ̀pá náà gẹ́lẹ́ sí i, mo dì í mọ́ ojú tábìlì níwájú abẹ. Mo fi igi mìíràn ṣe ìdènà lẹ́yìn abẹ, kí gbogbo ọ̀pá lè máa dúró sójú kan náà. Èèyàn á ti ọ̀pá gba inú ihò náà kọjá títí orí rẹ̀ á fi kan abẹ, á wá máa fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yípo tán.

Ọ̀nà tí a ń gbà yí i ló ṣòro. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa dojú kọ abẹ, kò gbọdọ̀ máa sá tẹ̀ lé e. Èyí àkọ́kọ́, mo yí i tẹ̀ lé abẹ. Ẹ̀rọ já a gbà lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì lọ balẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaja láàárín páànù àti ìṣó rẹ̀.

“Ṣé ọmọ ti dé ni?” Alhaja bi mí láti ọ̀hún.

Mo ka ìka ọwọ́ mi, wọ́n pé. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo yí i lọ́nà tó tọ́, ṣùgbọ́n mo dúró lójú kan láti wò ó, abẹ sì jó o dúdú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó mọ̀ pé èèyàn ò gbọdọ̀ kánjú, kò sì gbọdọ̀ dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbogbo ayé ló máa ń sọ ọ́, mo sì ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láìmọye ìgbà, ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ mi gbọ́ ọ.

Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa nígbà náà, mo sì mọ̀ pé ìgbà òjò ni ọmọ yóò dé. Igi tó bá gbẹ máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, á wú. Nítorí náà, mo ha orí àwọn ọ̀pá náà tín-ín-rín ju bí ọkàn mi ṣe fẹ́ lọ, kí òjò lè wá bá wọn ṣe ìyókù. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn irú èyí. Èèyàn á kàn fọwọ́ sọ ọ́ ni, á sì máa bẹ Ọlọ́run.

Iṣẹ́ náà dákẹ́ nínú ariwo rẹ̀, bí ẹ bá mọ ohun tí mò ń wí. Etí á kún fún igbe ẹ̀rọ àti ti òkè, ṣùgbọ́n ọkàn á ráyè. Mò ń yí ọ̀pá, mò ń rò. Mo rò ó pé n kò tíì ṣe nǹkan rí fún ẹni tí n kò mọ̀ bóyá yóò wá. Gbogbo ẹni tó bá ní kí n ṣe àga fún òun, ó ti ní ìdí tó máa fi jókòó. Mo wá rí i pé ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo ìbínú tí mo bá Màámi bí, ẹ̀rù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì náà wà kí ọmọ náà lè di dandan, Màámi fẹ́ kó má wà kí ọmọ náà lè di dandan. Ohun kan náà la jọ ń wá.

Màámi wá yẹ̀ mí wò lọ́jọ́ kan, kó lè rí i dájú pé nǹkan kan ò dúró. Mo fi àwọn ọ̀pá hàn án lórí ilẹ̀ níbi tí wọ́n sùn sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò pa orí rẹ̀ yíká. Ìka Màámi kì í nà tán mọ́. Kòkó tó ti fọ́ láti ìgbà ọmọge ló tẹ̀ wọ́n báyìí.

“Kí ló dé tí orí ẹ̀ ṣe báyìí?”

“Kó lè wọlé láìjà ni, Màámi.”

Ó yí i lọ́wọ́ títí. Lẹ́yìn náà, ó mú ìgò omi àdúrà jáde nínú báàgì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn sára àwọn ọ̀pá, ó wọ́n tábìlì, ó sì kọjú sí ráútà. Mo sáré yọ wáyà. Mo ní, “Màámi, iná ń bẹ nínú ẹ̀ o, kó má lọ gbé wa.” Ó ní iná ọ̀hún náà nílò àdúrà. Àdúrà tó gbà ò gùn. Ó jẹ́ èyí tí gbogbo wa máa ń gbà fún aláboyún, tí ẹnu ti mọ́ débi pé a kì í gbọ́ ohun tí à ń sọ mọ́: “A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.” Mo ṣe àmín. Alhaja náà ṣe àmín láti ẹ̀yìn pákó.

Àbúrò mi náà ò lè mú ara dúró. Ó yọ́ wá bá mi ní ọ̀sán kan tí Màámi lọ sí oko Atosin. Mo gbé igi ìsàlẹ̀ kan lé orí bẹ́ńṣì fún un, mo fún un ní ọ̀pá kan. Ó fi orí ọ̀pá náà wá ihò, ó tì í, ó sì wọlé pọ́. Ó fà á yọ, ó tún tì í padà. Ó ṣe é títí mo fi ní kó má jẹ́ kí ihò náà fẹjú. Ó di ọ̀pá náà mú sórí itan rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, tí kò bá dé ńkọ́?”

Mo ti mọ̀ pé yóò bi mí. Mo ti múra ọ̀rọ̀ ìtùnú sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Igi ni,” mo wí. “N ó fi ṣe ẹ̀yìn àga.”

Ó mi orí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó nù ún, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní bóyá ìdọ̀tí yẹn ló kó sí òun lójú, ó ń tọ́ka sí èérún igi. Ìgbà tó dìde tó ń lọ, ó gbé ọ̀pá náà padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo di gbogbo rẹ̀, mo gbé e lọ fún Màámi ní ọjọ́ tí àbúrò mi lọ ṣàyẹ̀wò ní Àkúrẹ́. Màámi fi aṣọ funfun àtijọ́ kan wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. A ò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ dé, òwúrọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ọkọ àbúrò mi ti wà nílé láti bí ọjọ́ mélòó kan, ó gbé e sínú mọ́tò, wọ́n dojú kọ Àkúrẹ́. Ó ní kí Màámi bá àwọn lọ. Màámi gbàdúrà fún wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì ní òun ò ní lọ. “Ìgbà yẹn, èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ,” ó sọ fún mi nígbà tí mọ́tò ti kọjá. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tan ráútà, mo pa á. Mo mú igi, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Alhaja ò bá mi ṣàwàdà. Òjò ṣú bo òkè, ó rọ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn funfun lára àpáta. Mo wo fóònù mi títí mo fi rò pé ó ti kú, mo ní kí Alhaja pè mí kí n lè mọ̀. Ó pè mí, ó dún. Nígbà tí òjò dá díẹ̀, mo kúrò níbẹ̀, mo lọ bá Màámi.

Kò sí ní pálọ̀. Mo kan ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo ṣí i.

Ó jókòó sórí ẹní nílẹ̀. Aṣọ funfun náà ti tú. Pákó orí ti dúró, pákó ẹsẹ̀ ti dúró, igi ìsàlẹ̀ méjèèjì ti so wọ́n pọ̀, gbogbo ọ̀pá sì ti nàró sínú ihò wọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n ń fì díẹ̀. Màámi ń fi ìka rẹ̀ tí kì í nà tọ́ èyí tó kẹ́yìn. Kò sí òòlù nínú yàrá náà. Ọwọ́ nìkan ló fi tì wọ́n wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mò ń ha orí wọn ní ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé ọwọ́ ara mi ni mò ń rọ̀ wọ́n fún.

“Ṣé ó ti bí?” ó bi mí. Kò gbójú sókè.

“Wọn ò tíì pè, Màámi.” Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ ní kò gbọdọ̀ dúró.”

“Kò tíì dúró. Ugi òkè ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́hùn-ún.” Ó nawọ́ sí igi méjèèjì. “Bí ò bá tíì sí lórí ẹ̀, ugi ṣì ni.” Ó tún ọ̀pá kan tó ń fì ṣe. “Mi ò lè jókòó lásán. Ìgbà yẹn, mo jókòó lásán ni.”

Mo bọ́ bàtà, mo jókòó tì í. Mo lè gbé igi òkè nígbà náà, n kò gbé e. A jọ ń wo àwọn ọ̀pá. Òjò tún bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Màámi ń gbàdúrà lábẹ́ ètè, n kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tó ń gbà.

Fóònù dún. Ọkọ àbúrò mi ni. “Ẹ̀gbọ́n,” ó pè mí, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, nítorí ọmọ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára ké. Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí ẹní, mo jẹ́ kó máa dún síta kí Màámi lè gbọ́. Mo dìde, mo gbá igi òkè mú.

Màámi gbé ọwọ́ sókè.

“Jókòó. Ohùn ọmọ la gbọ́ yẹn. Ohùn ìyá ńkọ́?”

Mo bi ọkọ àbúrò mi. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́dọ̀ ìyàwó òun, pé kí a ní sùúrù, wọn ò tíì jẹ́ kí òun wọlé. Mo padà jókòó pẹ̀lú igi lórí ẹsẹ̀ mi. Ọmọ náà ń ké, ó ń sinmi, ó tún ń ké. A gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, a gbọ́ ìlẹ̀kùn. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju gbogbo èyí tó ti ń bà mí tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ọmọ ti dé, àbúrò mi ni a ń dúró dè. Màámi ò mira. Ó di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà mú.

Lẹ́yìn náà, ohùn kan gba inú fóònù wọlé, ó rẹ̀ ẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n òun ni.

“Màámi.”

Màámi rọra dìde lórí eékún rẹ̀, ó sì di orí kan igi òkè mú. Mo di orí kejì mú. A gbé e lé orí àwọn ọ̀pá, a rọra tẹ̀ ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń rí ihò tirẹ̀, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ mi, títí igi náà fi jókòó. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí afàrà tí a kò kùn.

“Màámi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?” àbúrò mi ń bi í láti orí ẹní. “Kí lẹ ń ṣe?”

Màámi fi aṣọ nu ojú. Ó nawọ́ mú igi kejì.

“À ń to bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹ,” ó wí.